Ààbò Àwọn Ọmọbìnrin Tí Ó Ń Kẹ́kọ̀ọ́ Ní Ẹdẹ



Ìlú Ẹdẹ ti di ìlú ẹ̀kọ́. Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1992. Yunifásítì Adélékè bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011, Yunifásítì Redeemer's náà sì kó wá síbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń sùn nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn mìíràn gba yàrá láàrin ìlú. Nítorí náà, ààbò wọn kan gbogbo wa.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe dá rìn lóru. Kí ó tó gun ọ̀kadà tàbí wọ ọkọ̀, kí ó fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ kan, kí ó sì sọ ibi tí ó ń lọ. Kí onílé fi kọ́kọ́rọ́ tí ó lágbára sí ẹnu ọ̀nà, kí ó sì tan iná sí àyíká ilé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú òkùnkùn nìkan ni ewu ń gbé. Ó lè ti ọwọ́ ẹni tí ọmọ ń bọ̀wọ̀ fún wá. Ní ọdún 2018, aráyé gbọ́ ohùn ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, tí ó ń bèèrè ìbálòpọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan nítorí máàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ni ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí tẹlifóònù. Yunifásítì lé ọ̀jọ̀gbọ́n náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Òṣogbo rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 2. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọmọ yìí kò dákẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá fipá bá ọmọbìnrin lò pọ̀, ẹ̀bi kì í ṣe ti ọmọ náà. Kí ó má ṣe wẹ̀, kí ó má sì fọ aṣọ tí ó wọ̀, kí ó tó dé ilé ìwòsàn. Oògùn tí ó ń dènà kòkòrò àrùn HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó kọjá. Bí ó bá ṣe yá tó ni ó ṣe dára tó. Kí a sì fi ọ̀ràn náà tó ọlọ́pàá létí. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ni 112, kò sì gba owó.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá mú irú ẹjọ́ yìí wálé, ẹ má ṣe kọ́kọ́ bi í léèrè irú aṣọ tí ó wọ̀. Ẹ má sì ṣe gba ẹ̀bẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ nítorí orúkọ ìdílé. Ẹ gbọ́ ti ọmọ ná; lẹ́yìn náà, ẹ bá a lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó lè gbèjà rẹ̀.