Amáánà Ni Oògùn Ọmọ Òrukàn

Ẹ̀yin ará wa nínú Ísláàmù, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Owó sàká yín wà lára ohun tí a fi ń ra oògùn fún àwọn ọmọ òrukàn. Àmọ́ oògùn apakòkòrò tí a kò wọ̀n dáadáa lè pa ọmọ lára.

A fún opó kan ní ìgò oògùn fún ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin. Ṣíbí ọbẹ̀ ló fi ń bù ú, ó sì ń fún ọmọ ọwọ́ mu nínú rẹ̀. Ẹ̀bi wa ni. A kò ṣàlàyé fún un.

Ọjọ́ orí àti ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń mọ iye oògùn. Bí nọ́ọ̀sì bá rí i pé òtútù àyà ni, amoxicillin oníhóró 250 mg fún ọmọ oṣù 2 sí 11 jẹ́ hóró 1. Ọmọ ọdún 1 tí kò tíì pé 5, hóró 2. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọjọ́ 5 gbáko, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ti yá. Ọmọ tí kò tó oṣù 2, ilé ìwòsàn ni kíákíá.

Sàárà yín la ń tọrọ báyìí, kí opó kọ̀ọ̀kan lè ní síríǹjì ìwọnoògùn. Ọlọ́hun yóò gbà á lọ́wọ́ wa. Àmín.