Orin Ìbílẹ̀ Lẹ́nu Fáyólìn

Ní ọdún 1944 ni Fẹlá Ṣówándé kọ African Suite, orin alápá márùn-ún fún fáyólìn àti àwọn ohun-èlò olókùn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ń wí pé orin tí a ń jókòó gbọ́, ti òyìnbó ni. Ṣùgbọ́n ohùn orin Ephraim Amu, ará Gánà, wà nínú rẹ̀. Ohùn háílàìfù ni ó sì kádìí rẹ̀. Ọmọ Òmù-Àrán tó gbọ́ oríkì orílẹ̀ rẹ̀ kì í sáré jó. Orí rẹ̀ ni ó ń wú. Ní Ẹ̀síẹ́, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ṣí ní 1945 kò sọ àwọn ère òkúta di ti àjèjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni fáyólìn kò lè gba orin lọ́wọ́ onílé. Kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní ìdákẹ́rọ́rọ́, kí ó tó béèrè ẹni tó ni ín.