Ilé Là Á Wò Ká Tó Sọmọ Lórúkọ

Púpọ̀ nínú wa ti ń pọn ọmọ-ọmọ báyìí, ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé wá.

Àwọn onímọ̀ ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti mọ ọmọ tí ìwà rẹ̀ lè di ìṣòro lọ́la. Wọn a kó àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ fún un, irú bí ìdáhùn òbí àti tíṣà sí gbólóhùn 25 tí Robert Goodman, oníṣègùn ọpọlọ àwọn ọmọdé ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé jáde ní 1997: ṣé ọmọ náà máa ń jà? Ṣé ó lè jókòó jẹ́ẹ́? Kọ̀ǹpútà a wo ohun tó jọra lára àwọn tó padà níṣòro, a sì fi wọn ọmọ mìíràn.

Àǹfààní wà níbẹ̀. Kí kọ̀ǹpútà tó dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ti ń tọpasẹ̀ ọmọ 1,037 tí wọ́n bí ní Dunedin, New Zealand, ní 1972 sí 1973. Àwọn tí kò lè kó ara wọn níjàánu ní kékeré ni àìsàn, àìrówóná àti ẹjọ́ pọ̀ sí lọ́dọ̀ wọn lágbà. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ ìkóra-ẹni-níjàánu kí wọ́n tó dàgbà, tiwọn sàn. Ìwà ọmọdé kì í ṣe àyànmọ́.

Ewu náà wà. Ká ní 5 nínú ọmọ 100 ni yóò níṣòro. Bí kọ̀ǹpútà bá rí 4 mú nínú wọn, tó sì ṣi 1 mú nínú 10 lára àwọn 95 yòókù, ọmọ bí 14 ló máa fà kalẹ̀, bí 10 nínú wọn kò sì ní ìṣòro kankan. Ọmọ tí tíṣà bá ti ń wò bí ọmọ burúkú, ta ni yóò bá a nu orúkọ náà kúrò?

Bí ilé ìwé kan bá gbé e dé, ẹ jẹ́ ká béèrè: àkọsílẹ̀ ọmọ ibo ni ẹ̀rọ náà fi kọ́ṣẹ́? Ọmọ tiwa tó wolẹ̀ nígbà tí àgbà ń bá a wí, ìbọ̀wọ̀ fágbà ló ń ṣe. Níbòmíràn, wọ́n lè ní ó ń fi nǹkan pa mọ́. Ta ni yóò rí èsì náà? Ìrànlọ́wọ́ wo ló tẹ̀ lé e? Bí kò bá sí ìrànlọ́wọ́, kí wọ́n má ṣe wọn ọmọ wa.

Kọ̀ǹpútà lè ní ká lọ wo ọmọ kan. Àwa òbí àti tíṣà la máa dé ilé, ká mọ̀ bóyá ebi, àìsùn tàbí ìjà bàbá àti ìyá ló ń dà á láàmú.

Ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ ọdún láyé, àwọn ọmọ wa á yàn, wọ́n á yanjú.