Ohun tó ń mú òṣìṣẹ́ dúró

Òṣìṣẹ́ tó ń rí nǹkan kọ́ kì í tètè fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Mo tún un sọ: ẹni tó ń rí nǹkan kọ́ kì í tètè lọ.

Ẹ wo AT&T, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí iṣẹ́ wáyà ń dínkù níbẹ̀, tí ti kọ̀ǹpútà sì ń pọ̀ sí i, wọ́n gbé ẹ̀kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ní 2014, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, yunifásítì Georgia Tech bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè kejì nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èèyàn lè jókòó sílé kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí àyè láti kọ́ ọ dà bí àdá lọ́wọ́ ẹni tí kò lóko. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ yín láyè láti kẹ́kọ̀ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá sì kọ́ ọ tán, ẹ gbé iṣẹ́ tuntun lé e lọ́wọ́.