Lidice, Abúlé Àwọn Awakùsà

Ẹ bá mi tẹ́ àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù kalẹ̀. Ẹ wá ilẹ̀ Czech, tí ó wà ní àárín gbùngbùn, tí kò kan òkun níbì kan. Ẹ fi ìka lé Prague, olú-ìlú wọn, kí ẹ sì fà á lọ sí agbedeméjì àríwá àti ìwọ̀-oòrùn. Bí ẹ bá rìn tó máìlì 12, ẹ ó kan Lidice.

Inú àfonífojì kékeré kan ni abúlé náà wà, odò tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń ṣàn gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn kan ń dáko, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkùnrin a máa lọ wa èédú tàbí ṣiṣẹ́ irin ní Kladno, ìlú tí kò jìnnà sí wọn. Àlejò lè gba ibẹ̀ kọjá kí ó má bèèrè orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 1942, abẹ́ Jámánì ti Hitler ni ilẹ̀ náà wà. Ní 27 May, àwọn ọmọ-ogun Czechoslovakia tí wọ́n ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ju bọ́ǹbù lu Heydrich, ọ̀gá àwọn Jámánì ní Prague. Ó kú ní 4 June. Hitler ń wá ẹni tí yóò fi gbẹ̀san. Lidice kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀, òun ni wọ́n sì mú. Ní 10 June, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin 173 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oko kan. Wọ́n kó àwọn obìnrin lọ sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n Ravensbrück. Ọmọ 82 ni wọ́n fi èéfín olóró pa ní Chełmno, ní ilẹ̀ Pólàńdì.

Wọ́n sun ilé, wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n hú òkú nínú sàréè. Odò pàápàá, wọ́n yí i kúrò ní ọ̀nà rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, kí ni odò ṣe? Wọ́n fẹ́ kí orúkọ Lidice parẹ́ lórí ilẹ̀ ayé ni.

Ní ọdún kan náà, àwọn awakùsà Stoke-on-Trent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú dókítà Barnett Stross, bẹ̀rẹ̀ sí dá owó láti tún un kọ́. Lẹ́yìn ogun, obìnrin 143 padà. Ọmọ 17 péré ni a rí. A kọ́ Lidice tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́, a sì gbin ọgbà òdòdó róòsì ní 1955. Koríko nìkan ni ó wà níbi tí ilé ti wà tẹ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ni ère àwọn ọmọ 82 náà dúró sí, obìnrin 42, ọkùnrin 40; àwọn mìíràn nínú wọn kò tíì tó ilé-ìwé í lọ. Obìnrin kan, Marie Uchytilová, ni ó mọ wọ́n. Ó kú ní 1989, kí wọ́n tó parí. Ọkọ rẹ̀ ni ó bá a ṣe é tán, a sì gbé èyí tí ó kẹ́yìn kalẹ̀ ní ọdún 2000.