Àforítì Ẹni Tí Ara Ń Ni: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba ní Ìlú Ìdèrè

 Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà kí n tó la ẹnu mi, nítorí pé ọ̀rọ̀ ara ẹni ni mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ ara ẹni kì í sì í tètè dùn létí ẹni tí ó ni ara. Ohun tí ẹ ní kí n wá là yé yín ni ọ̀nà tí ẹni tí àìsàn ti ń bá fínra, tí dókítà sì ti sọ fún pé kí ó fọn díẹ̀, kí ó sì máa fi ara ṣiṣẹ́, yóò gbà tí kò fi ní jáwọ́ láàrin ọ̀nà, nígbà tí orúnkún ń ro ó, tí èémí ń ká a láyà, tí oògùn sì ń mú kí gbogbo ara rẹ̀ wúwo.

N kò ní ti ìlú òkèèrè bẹ̀rẹ̀. Bí ìlú kan bá wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó mọ ohun tí àforítì jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ìlera, Ìdèrè yìí ni. Àwọn àgbà tí ó wà níjòókòó mọ sòbìà. Wọ́n mọ bí ó ti ń ta ènìyàn lẹ́sẹ̀ bí iná, tí ojú ibẹ̀ yóò lé ròrò, tí yóò bẹ́, tí aràn náà yóò yọrí jáde ní funfun bí òwú, tí yóò sì dá odindi àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ ní àkókò tí oko ń retí rẹ̀. A kì í fà á yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń wé e mọ́, a ó yí i díẹ̀ lónìí, a ó yí i díẹ̀ lọ́la, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, nítorí pé ó lè gùn tó mítà kan, bí ẹnikẹ́ni bá sì fi ìkánjú fà á tí ó já sínú ẹran ara, ẹsẹ̀ náà yóò wú, yóò sì kẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹsẹ̀ àwọn baba yín ni wọ́n fi kọ́ òwe náà.

Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe ètò ìlera láàrin ará ìlú ní Ìbàràpá wa níbí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń wá gbé ní Igbó-Ọrà láti kọ́ bí àìsàn ti ń rí nílé àti lóko; láti Yunifásítì náà ni àwọn olùkọ́ni nípa ìlera bíi Joshua Adéníyì àti William Brieger ti wá bá àwọn ará Ìdèrè ṣiṣẹ́ lórí sòbìà. Ọ̀pọ̀ gbà nígbà náà pé ara ènìyàn gan-an ni sòbìà ti ń wá, kì í ṣe omi odò. Ṣùgbọ́n nítorí pé omi ni ó ń bá wọlé, asẹ́ aláṣọ ni a ní kí wọ́n máa fi sẹ́ omi mímu, kí kòkòrò wínníwínní tí ó gbé ọmọ aràn náà mì má baà bọ́ sínú ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Sòbìà a máa lò tó ọdún kan nínú ara kí ó tó yọjú. Nítorí náà, obìnrin tí ó bá ta aṣọ sẹ́nu ìkòkò rẹ̀ lónìí, tí ó sẹ́ omi ní àárọ̀ àti ní alẹ́, kò ní rí èrè kankan lọ́la, kò ní rí i ní oṣù tí ń bọ̀; sòbìà tí ọkọ rẹ̀ ti mu lómi láti èṣí yóò yọ síbẹ̀síbẹ̀, aládùúgbò yóò sì bi í pé, “Omi tí o ń sẹ́ náà ńkọ́?” Síbẹ̀ ó ń sẹ́ ẹ. Nígbà tí a ka àwọn tí sòbìà mú ní Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1988, wọ́n lé ní 650,000. Ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn. Nígbà tí ó sì di ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sòbìà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ aláìsàn tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, tí ó dín òkèlè kù, tí ó sì jáwọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kì í ṣe ọ̀lẹ, ó sì ń dùn mí dé egungun bí mo bá gbọ́ tí a ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ibi tí kò yẹ ni wọ́n ti ń wá àmì. Orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ń wò ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òṣùwọ̀n kò sì tíì ní ìròyìn kankan fún wọn.

Àwọn mìíràn a tún máa sọ nípa àìsàn wọn pé, “Ìdílé wa ni,” wọn a sì ká ọwọ́ lẹ́rán. Ẹ gbọ́ èyí. Ní ọdún 1997, Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàrin àwọn tí ìran wọn ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ènìyàn tí ó lé ní 10,000 ni wọ́n yẹ̀ wò, Igbó-Ọrà tí ó wà nítòsí wa yìí sì wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, 16 ni ẹ̀jẹ̀ ń ru lára wọn ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, 26 ní àwọn erékùṣù Caribbean, 33 ní Amẹ́ríkà. Ìran kan náà ni, ọmọ ìyá tí òwò ẹrú yà nípá. Láàrin àwọn ọmọ ọdún 25 sí 34, ẹ̀jẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ọjọ́ orí ti ń lọ sókè ni ọ̀nà pín, ìsanrajù àti iyọ̀ inú oúnjẹ sì wà lára ohun tí ó ń bá ìyàtọ̀ náà rìn. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ àwọn baba wa ni ó kọ̀ wá. Ọkọ́ tí wọ́n ń gbé, ẹrù ẹ̀gúsí tí wọ́n ń rù bọ̀ láti oko, ni ó ń gbà wọ́n láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Lónìí ọ̀kadà ń gbé wa láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, magí sì ń bá iyọ̀ jà nínú ìkòkò kan náà.

Ìwọ̀n ara tí a ní kí aláìsàn dín kù kò tó bí ẹ ti rò. Nínú ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, àwọn tí àtọ̀gbẹ ti ń kanlẹ̀kùn ilé wọn ni a ní kí wọ́n dín ìwọ̀n ara wọn kù ní 7 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Àbájáde rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2002 fi hàn pé iye àwọn tí àtọ̀gbẹ mú nínú wọn fi 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kò ṣe é. Ẹni tí ó bá wọ̀n kílò 90, kílò mẹ́fà àti díẹ̀ ni à ń wí fún un. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì tún ìlànà rẹ̀ kọ ní ọdún 2020, ó dárúkọ àwọn tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá jà pé àwọn náà ni ọ̀rọ̀ kàn: kí wọ́n ṣe ìwọ̀n tí agbára wọn ká, nítorí pé díẹ̀ sàn ju òfo lọ.

Ẹ fi ojú inú wo ìyá kan tí ó ń ta láfún, tí làkúrègbé ti di orúnkún rẹ̀ méjèèjì mú. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi máńgòrò, ó padà, ó jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kí ó má wo òṣùwọ̀n. Kí ó mú èédú, kí ó fa ilà kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí pé ó rìn. Bí ibà bá dá a dùbúlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí ẹni tí yóò wá pa ilà tí ó ti fà rẹ́. Nígbà tí ó bá dìde, kí ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, kódà bí kò bá lè dé ìdí máńgòrò mọ́. Kílò kan tí ó bá sì kúrò lára rẹ̀ níkẹyìn, ẹrù tí ó tó kílò mẹ́rin ni ó ń kúrò lórí orúnkún rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí nípa eegun ni wọ́n wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀. Àmàlà rẹ̀ kò ní kúrò lórí tábìlì: kí ó bu ún kéré, kí ó jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ jù ú lọ, kí ó sì fa ọwọ́ epo àti iyọ̀ sẹ́yìn.

Ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ, kí ó má fi í sílẹ̀ nítorí pé ó ń rìn, kí ó sì kọ́kọ́ rí nọ́ọ̀sì kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí àyà bá ń fún un, tàbí bí òòyì bá ń kọ́ ọ, kí ó dúró lójú ẹsẹ̀, kí ó wá ìtọ́jú.

Ó ku ohun kan, ó sì wúwo lọ́kàn mi ju gbogbo èyí lọ: ẹnu wa. Obìnrin yóò forí tì í fún oṣù mẹ́fà, ìró rẹ̀ yóò tú sílẹ̀ ní ìbàdí, inú rẹ̀ yóò dùn, yóò jáde sí ọjà, ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá pàdé yóò sì ké pé, “Háà, kí ló dé tí o rù báyìí? Ṣé kò sí o?” Lọ́jọ́ náà gan-an ni ó máa padà sí ìdí àwo. A ti fi sísanra ṣe ẹ̀rí owó, a fi rírù ṣe ẹ̀rí ikú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ṣe lábẹ́ aṣọ. Bí ẹ bá pàdé irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ẹ kí i kú iṣẹ́.

Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Nígbà sòbìà, láti inú àwọn abúlé wa ni a ti yan àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ ìlera, tí wọ́n sì ń yọjú sí àwọn ará ilé wọn. Mo bẹ Kábíyèsí àti àwọn baálé kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan tún yan ẹni méjì, obìnrin kan, ọkùnrin kan, tí yóò máa kan ilẹ̀kùn àwọn aláìlera nígbà tí oòrùn bá rọ̀, kì í ṣe láti bi wọ́n ní iye kílò wọn, bí kò ṣe láti bá wọn rìn. Ẹni tí kò bá lè kọjá ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n bá a dé ẹnu ọ̀nà. Orúkọ àwọn tí ẹ bá yàn, ẹ jẹ́ kí ó dé ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kí ọjà tí ń bọ̀ tó ná.