Ìtọ́jú Ọmọ Ajá Onírun Gígùn Nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ ọmọ ajá ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ eré ni. Ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń sin adìẹ ló ti ń ra ajá òyìnbó onírun gígùn, irú Alsatian, láti máa ṣọ́ ọgbà. Owó kékeré kọ́ ni a ń rà á, kò sì yẹ kó kú mọ́ wa lọ́wọ́ nítorí irun.

Ìlú òtútù ni ajá yìí ti wá. Ní Jámánì ni wọ́n ti ń fi í da àgùntàn, ọdún 1899 ni wọ́n sì kọ orúkọ èyí àkọ́kọ́ sínú ìwé. Irun rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì: èyí tó gùn wà lókè, èyí tó rọ̀ tó sì ki wà lábẹ́. Nílẹ̀ wa tí ooru àti òjò ti pọ̀, abẹ́ irun yìí ni ọ̀rinrin ń dúró sí. Ibẹ̀ ni egbò ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni eégbọn sì ń sá pamọ́ sí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ ẹgbẹ́ kan pè mí wá wo adìẹ rẹ̀. Ọmọ ajá kan wà níbẹ̀ tó ń họra ṣáá. Ó bi mí ohun tí òun lè ṣe. Adìẹ ló gbà mí lọ́kàn. Mo ní kó wá oògùn eégbọn, mo sì bá tèmi lọ. N kò sọ irú oògùn tí mo ní lọ́kàn. Èyí tó ṣẹ́kù nínú ike tó fi ń fín kòkó ló pò mọ́ omi, òun ló fi wẹ ọmọ ajá náà. Bẹ́ẹ̀, ajá a máa lá ara rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó sì kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó bá a di ajá mú bì títí, ilé ìwòsàn ló sùn. Ọpẹ́ ni pé ó yè é. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ìdajì mọ́.

Àkọ́kọ́, irun yíyà. Ó kéré tán, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ fi ìyàrun tí eyín rẹ̀ jìnnà síra ya irun rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ṣónṣó irun, kí ẹ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ wá sí ìdí rẹ̀. Ibi tó bá ta kókó, ẹ fi ìka tú u, ẹ má fà á. Ẹ̀yìn etí, abíyá, itan nínú àti ìdí ìrù ló máa ń ta kókó jù. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó fún ọmọ ajá. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ fún un ní ẹran díẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Èkejì, ìwẹ̀. Ẹ ya irun kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́, nítorí bí omi bá kan irun tó ta kókó, ńṣe ni yóò le sí i. Èyí tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ má wẹ̀ ẹ́. Aṣọ tí ẹ rin sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi nù ún. Èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó, àfi bó bá yí ara nínú ẹrọ̀fọ̀. Ọ̀sán tí oòrùn ràn ni kí ẹ wẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú ọṣẹ ajá, kì í ṣe ọṣẹ ìfọṣọ. Ẹ má jẹ́ kí omi wọ etí rẹ̀. Ẹ ṣan ọṣẹ náà kúrò tán, kí ẹ sì nù ún títí yóò fi gbẹ dé awọ. Ẹ má torí ooru fá irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ o; irun náà ló ń gba oòrùn sílẹ̀ fún awọ.

Ẹ̀kẹta, eégbọn. Ẹ máa fi ìka tú irun wò dé awọ: inú etí, abẹ́ ọrùn, àárín ìka ẹsẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀mú kékeré tí a fi ń yọ ẹ̀gún dì í mú níbi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ awọ, kí ẹ fà á jáde tààrà. Ẹ má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pa, ẹ má fi iná jó o. Inú agolo tí kẹrosíìnì díẹ̀ wà ni kí ẹ jù ú sí, ṣùgbọ́n kẹrosíìnì náà kò gbọ́dọ̀ kan ara ajá. Eégbọn ń mu ẹ̀jẹ̀, ó sì ń kó ibà ran ajá. Abo kan ṣoṣo lè yé ẹyin tó lé ní 1,000 sínú ihò ògiri. Nítorí náà, ẹ máa gbá ilé ajá, kí ẹ sì dí ihò ara ògiri rẹ̀.

Oògùn kòkó, oògùn ẹ̀wà, ọ̀tapíàpíà, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ kan ara ajá. Ọwọ́ dókítà ẹran ni kí ẹ ti gba oògùn eégbọn. Ẹ sọ ọjọ́ orí ajá àti bó ṣe wúwo tó fún un, nítorí èyí tó yẹ àgbà ajá lè pa ọmọ ajá. Bí ọmọ ajá náà bá ti pé oṣù mẹ́ta, kó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí ẹ sì máa tún un gbà fún un lọ́dọọdún.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó tọ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tàbí dókítà ẹran agbègbè rẹ̀ lọ. Kó bi í ní orúkọ oògùn náà àti ìwọ̀n rẹ̀. Kó má gba "wá oògùn" lásán, ìbáà ṣe lẹ́nu èmi fúnra mi. Ire oko yóò tó wa lọ́wọ́ o.